Ajá Tó Yan Iyán Lódì

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ajá bá Samson Ẹ̀yínadé ṣeré. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ọdẹ láti kékeré, kí ẹ̀ka igi tó wó lù ú lẹ́sẹ̀ lóko kòkó rẹ̀ ní Èrìjìyàn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Látìgbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn, ìròyìn igbó ló kù tó ń gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un nínú iṣẹ́ ọdẹ ni Tanímọ̀la, ajá pupa tó tọ́ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ò tíì là. Bí ẹ bá bi í, á ní ọdẹ lòun ṣì jẹ́, ṣebí òun ní ajá.

Àfi bí Tanímọ̀la ṣe dédé yan oúnjẹ lódì. Iyán tó ń gbé mì káló tẹ́lẹ̀, á kàn gbóòórùn rẹ̀, á yí imú kúrò. Ìyá Jídé, ìyàwó Samson, da ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lé e, ajá ò wò ó. Ni Samson bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹja inú àwo tirẹ̀ fún un, òun ń fi ọbẹ̀ lásán jẹun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ajá á jẹ ẹja náà bí ẹni ń ṣe wọ́n lóore, á lọ sùn. Ìyá Jídé ní ajá ti di ọ̀gá nílé wọn. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á. Bí ajá yìí bá kú, kí ló kù tí wọ́n á máa pe òun?

Ọládipúpọ̀ ló fọ̀rọ̀ náà lọ̀. Ọ̀rẹ́ àtọmọdé ni wọ́n, wọ́n jọ dẹ igbó dé ọ̀nà Ìkógòsì fún ogójì ọdún. Ọkùnrin náà fọwọ́ tẹ ajá níkùn, ó pòṣé, ó ní aràn ni, kí wọ́n fún omi ewúro sí i lẹ́nu. Samson tún bi í bóyá ẹran ṣì wà nígbó. Ó ní rárá o, igbó ti gbẹ, òun gan-an ò rí nǹkan pa mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Samson la ajá lẹ́nu, ó da ewúro sí i. Kò pẹ́ tó fi bì. Ẹ wá wo nǹkan! Irun òyà ni, pẹ̀lú ìfun tí ò tíì dà tán. Ọdẹ ogójì ọdún ò lè ṣi irun òyà mọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé ta ló ń mú ajá jáde. Ó ya Ìyá Jídé lẹ́nu pé ọkọ òun ò mọ̀. Gbogbo Túsìdeé àti Fúráìdè tí Samson bá ti wọkọ̀ lọ tọ́jú ẹsẹ̀ ní Àrámọ̀kọ ni Ọládipúpọ̀ ń wá, tó ń sọ pé Samson ló ní kí òun mú ajá nasẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láàárín àwọn ọdẹ wọn, ẹni tó bá fi ajá ẹlòmíràn pa ẹran, itan kan di ti ẹni tó ni ajá, ì báà máa sùn nílé. Wọn kì í béèrè, wọn kì í ránni létí. Itan yẹn ni wọ́n fi ń sọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọṣẹ́ pé ó ṣì wà lára àwọn. Òun gan-an ni Ọládipúpọ̀ fi du ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ajá ti bá tirẹ̀ lọ. Samson tẹ̀lé e tọ̀pátọ̀pá, ó bá a lẹ́yìnkùlé Ọládipúpọ̀, tó nà gbalaja lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Òyà yíyan wà lórí ààrò, itan méjèèjì pé.

Samson ò pariwo. Inú rẹ̀ bàjẹ́ kọjá ariwo.

“Ẹja ẹnu mi ni mo ń yọ fún un, Dípúpọ̀. O sì jókòó, ò ń wò mí.”

Ọládipúpọ̀ ò lè gbójú sókè.

“Àánú rẹ ló ṣe mí. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ pé igbó ṣì dùn láìsí ọ níbẹ̀.”

Àánú! Ó sàn kó ní ojúkòkòrò ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Samson ju irọ́ lọ. Ó yíjú sí ajá rẹ̀, ó pè é pé káwọn máa lọ sílé.

“Tanímọ̀la, wá. Ulé yá.”

Ajá náà gbórí sókè. Ó wo Samson, ó wá yíjú wo Ọládipúpọ̀, ó ń dúró. Ìgbà tí Ọládipúpọ̀ juwọ́ sí i pé kó máa lọ ló tó dìde.