Mọ́tò Oníjòókòó Méjì Láti Ìpókíá

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Sámúẹ́lì, kúrò ní Ayétòrò. Ìpókíá là ń lọ láti ra mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Bọ́ọ̀sì iléèwé ni wọ́n ń wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ariwo ọmọdé kò sì kúrò lẹ́yìn wọn ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ta igi tíìkì oko wọn lọ́dún yìí, gbogbo wa rò pé wọn yóò pààrọ̀ òrùlé ilé wọn ni. Wọ́n ní rárá, mọ́tò eré kékeré, oníjòókòó méjì péré, tí kò láyè ẹ̀yìn, ni àwọn fẹ́. Inú bí ìyàwó wọn, ó sì bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé wọn, kí n má jẹ́ kí wọ́n rà á. Èmi náà gbà pé ìnákúnàá ni. Àìsàn kan ń ṣe ojú wọn láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àmọ́ wọ́n sọ fún wa pé alẹ́ nìkan ni dókítà ní kí àwọn má wa mọ́tò.

A wọ takisí lọ sí Ìlaròó. Ọ̀nà dára níbì kan, ó bàjẹ́ níbì kan. Ibi tí tírélà sìmẹ́ǹtì ń gbà ló burú jù, eruku rẹ̀ funfun lórí ewé bí ẹni da èlùbọ́ láfún sí i. Ní Ìlaròó a wọ mọ́tò mìíràn dé Owódé, ibẹ̀ la ti jẹun. Àkàsà ni wọ́n gbé fún wa pẹ̀lú ẹja díndín. Ẹ̀kọ tiwa náà ni, àmọ́ ó kan díẹ̀, ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn sì fẹ̀ ju tiwa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún gba òmíràn. Ọ̀kadà la gùn wọ Ìpókíá. Bí a ti ń sún mọ́ ààlà ni ọ̀rọ̀ Faransé ń pọ̀ sí i létí wa. Ọlọ́kadà wa kò sọ pé ẹ ṣé nígbà tí a san owó rẹ̀. “Mẹ̀sí” ló ní, ohun kan náà sì ni.

Mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Múfútàù ló ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, tó sì ń tà á. Méjì ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀kan pupa, ó ń dán, fúnra rẹ̀ ló sì ń yí jíà. Èkejì dà bí eérú, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó, ọwọ́ ni èèyàn fi ń yí jíà rẹ̀.

“Tí ẹ bá máa rà á náà, pupa yẹn ló dára jù,” ni mo wí.

“Kí ni ọwọ́ mi á wá máa ṣe?” ni Ẹ̀gbọ́n mi fi dá mi lóhùn. Wọ́n ti ń wọ inú ti eérú.

“Dúsímọ̀, Bàbá, dúsímọ̀,” ni Múfútàù ń wí, ìyẹn ni pé kí wọ́n rọra, nítorí òrùlé rẹ̀ kò ga.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu fèrèsé. “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹ fẹ́ máa fi gbé? Ìyàwó yín nìkan ló máa gbà.”

“Òun nìkan náà ni mo fẹ́ kó gbà, Fúnkẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi gbogbo ayé mi gbé.”

Mo ní kí Múfútàù mú ìwé wá. A yẹ ìwé ọkọ̀ náà wò, ó pé, a sì rà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wà á kúrò níbẹ̀. Ìdí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Orúnkún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni mo ń rí. Wọ́n ń yí jíà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan juwọ́ kí wa láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pé, “Bàbá, ẹ kú orí ire o!” Wọn ò juwọ́ sí i padà. Mo rò pé ìdùnnú ló gbà wọ́n lọ́kàn.

Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà kan tó di àpò ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn fi yọ láti ọ̀nà oko lápá ọ̀tún. Mo ti rí i tipẹ́. Mo rò pé àwọn náà rí i.

“Ẹ̀gbọ́n! Bíréèkì!”

Mọ́tò náà yọ̀, ó dúró. Ọlọ́kadà ti wọ inú koríko, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fọ́n ká ojú títì. Kò fara pa, àmọ́ inú ń bí i bó ti ń bọ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ ò rí mi ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi pa ẹ́ńjìnnì. “Mi ò rí ọ, ọmọ mi. Iwájú nìkan ni mo ń rí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ṣókùnkùn.”

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ó wá wo èmi bí ẹni pé èmi ló yẹ kó bá wí. A jọ ṣa ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

“Ìgbà wo ló ti rí bẹ́ẹ̀?” ni mo bi wọ́n nígbà tó lọ tán.

“Ó ti pẹ́. Mo fẹ́ wa ọkọ̀ ara mi kí ó tó tán pátápátá.”

“Ẹ ò bá ti pa ọmọ ọlọ́mọ.”

“Mo mọ̀.” Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi, wọ́n fọwọ́ tọ ara mọ́tò náà yí ká, wọ́n sì wọlé lápá kejì.

Píkọọ̀pù ọkọ mi tó ti dolóògbé ni mo fi mọ jíà. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbéra. Nígbà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró, wọ́n ka ìwé wa tán, ọ̀kan nínú wọn sì bi wá léèrè ibi tí èrò ẹ̀yìn ń jókòó sí. Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn Ìlaròó ni Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè.

“Kí ló wà lápá ọ̀tún?”

“Oko ẹ̀gẹ́.”

“Òsì ńkọ́?”

“Àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n ń juwọ́ sí wa.”

Wọ́n juwọ́ sí apá òsì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ ohun tí mo rí fún wọn, tí àwọn náà ń sọ ìgbà tí mo máa yí jíà fún mi, títí a fi wọ Ayétòrò.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò yìí kò kan mọ́tò púpọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan la jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì mọ̀ pé wọn ò rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ká ní mo dá wọn dúró kí wọ́n má ra mọ́tò náà lọ́jọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́, mi ò bá má tíì mọ̀ títí di òní.

Ìyàwó wọn jáde sí wa, ó káwọ́ gbera. “Ta ló wà á dé?”

“Èmi ni mo wà á kúrò ní Ìpókíá,” ni Ẹ̀gbọ́n mi wí. “Fúnkẹ́ ló wà á délé. Ojú mi ti ń lọ, Màmá Tọ́lá. Mi ò sọ fún ẹ.”

Ó wá sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mọ́tò náà kò ga, wọn ò lè dìde níbẹ̀, la bá jọ fà wọ́n jáde. Ìyàwó wọn di ọwọ́ wọn mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi wọlé.