Bẹ́líìtì Tí Ìyàwó Mi Lọ́

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwa mẹ́ta la wà nínú àgọ́ páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi ní Ìdọ̀fin: èmi, oníṣẹ́ iná, àti ìyá àgbà ilé kejì, tó gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ bíbó síwájú. Inú àgọ́ yìí ni ìyàwó mi ti ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn ará àdúgbò kó tó kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ń yí ẹ̀rọ náà kọṣẹ́ pátápátá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wá ń gbé ẹ̀gẹ́ sórí ọ̀kadà lọ sí òpin ìlú.

Nígbà tí wọ́n fa iná tírí-fésì, oníwáyà mẹ́ta, dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ ìfági mi ni mo kọ́kọ́ so mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo ra ẹ́ńjìnnì oníná àlòkù kan fún ẹ̀rọ ìyàwó mi, mo sì gbé e sí ipò ti dísẹ́ẹ̀lì láìtú bẹ́líìtì tó wà lára ẹ̀rọ. Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé, nítorí náà mo fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló fẹ́. Àwọn ọmọ mi ti sọ pé bí ẹ̀rọ yìí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ti gbà.

Oníṣẹ́ iná fi tẹ́sítà kan wáyà kọ̀ọ̀kan. Iná wà nínú gbogbo wọn. Ó tan án. Ẹ̀rọ yí. Ìyá àgbà da ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbé e mì. Ńṣe ló tu ú padà sí i láyà.

"Yéè! Ẹ̀rọ yìí mà ń tutọ́ sí mi lára! Kí ni mo fi ṣe é?"

Oníṣẹ́ iná pa á, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀yìn ló ń yí sí." Ó tẹjú mọ́ bẹ́líìtì. "Bàbá, ta ló lọ́ eléyìí? Ó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ bí àlejò pàtàkì."

"Ìyàwó mi ni."

Nígbà tí a kọ́kọ́ ra ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yẹn, ibi tó ń yí sí, òdìkejì rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fẹ́. Mo ti gbé òòlù láti fọ́ sìmẹ́ńtì ìdí ẹ́ńjìnnì, kí n lè yí i padà, nígbà tí ìyàwó mi ní kí n jókòó. Ó yọ bẹ́líìtì, ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi í padà. "Ẹni tó ti ń ká òṣùká láti kékeré," ló wí, "ṣé bẹ́líìtì ló máa le fún un?" Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló ń fọwọ́ kàn án.

"Ẹ jẹ́ ká tú u, ká fi í sí gbọọrọ," oníṣẹ́ iná wí. Ó ti nawọ́.

"Fi í sílẹ̀. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ó wà. Bí a bá pààrọ̀ ipò méjì nínú wáyà mẹ́ta yìí, ẹ́ńjìnnì á yí sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tí a lọ́ máa ń gbo ara rẹ̀, Bàbá. Á tètè jẹ."

"Kó jẹ. Màá ra òmíràn."

Ó ṣì dúró. Ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀gẹ́ kúrò lára ìró rẹ̀ bá gbójú sókè. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o gbé etí rẹ sílé ni? Ọkọ ẹni tó lọ́ ọ ló ní kí o fi í sílẹ̀. Pààrọ̀ wáyà rẹ, jàre."

Ó pààrọ̀ wọn, ó sì tan iná. Ẹ̀gẹ́ wọlé, ó ń jáde nísàlẹ̀ ní funfun. Bẹ́líìtì ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níbi tó ti ń gbo ara. Mo ti gbàgbé ìró yẹn. Mo kọjú sí ògiri fúngbà díẹ̀.  Ìyá àgbà ń da ẹ̀gẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oníbàárà kankan tó dé, mo rí i dájú pé iná ti kú. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n lọ́ kí ti yìí tó jẹ. Mo yọ bẹ́líìtì, mo lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi í padà fúnra mi. Ó já bọ́. Mo tún un lọ́.