Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ sí Orin Dúpẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi létí. Ó ní, "Màmá, èmi ni mo ṣe orin yìí fúnra mi. Kò ní ọ̀rọ̀ o, ohùn lásán ni. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí sí i." Mo gbọ́ ọ tán. Fèrè kan wà nínú rẹ̀ tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè Ìgbájọ. Ọmọ náà ń wo ẹnu mi. Ẹnu mi kò ṣí. Ó rò pé orin náà kò dùn mọ́ mi ni, ojú rẹ̀ sì fà ro. Kò mọ̀ pé ó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti ń dẹ́rù bà mí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, ẹ̀yin ọmọ, láì fi ohunkóhun pamọ́.

Gbọ̀ngàn kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlá nígbà náà, ní àárín àwọn ọdún 1980. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, fèrèsé rẹ̀ kan kò sì ṣeé tì. Bí ọ̀sán Sátidé bá ti yẹ̀, tí òórùn èlùbọ́ tí wọ́n sá sí ìta bá ti ń gba ojú fèrèsé yẹn wọlé, àwa ọ̀dọ́ tó ń fi ohun èlò ṣe orin tiwa yóò pàdé níbẹ̀. Ẹni tó kó wa jọ ni ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Dùùrù ni gbogbo ìlú ń pè é, títí a fi gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Ìbàdàn ló ti kọ́ orin kí ó tó padà wálé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé bẹ́ẹ̀.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ òfin kan sára pátákó. Bí ẹnì kan bá ti ṣe orin rẹ̀ tán, kí àwọn yòókù kọ́kọ́ sọ ibi tó dùn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ bí ó ṣe lè tún un ṣe. Òfin tó dára ni. Mi ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ títí dòní. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni tó kọ ọ́ kì í pa á mọ́.

Káfíńtà kan wà láàrin wa tó ń jẹ́ Láyí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan gìtá tó ń ta. Lọ́jọ́ kan ó ta orin tuntun kan fún wa, ó ń mi orí, ó ń lu ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó parí, Bàbá Dùùrù ní, "Láyí, ṣé orin lo ṣe ni àbí àga lo kàn? Bó bá jẹ́ àga ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú." A rẹ́rìn-ín títí a fi fara ti ògiri. Kò tán síbẹ̀. Ó ní kí Láyí tún un ta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí a lè ka àṣìṣe inú rẹ̀. A ń kà á lóhùn rara: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. A kà á dé mẹ́tàdínlógún. Láyí náà ń bá wa rẹ́rìn-ín, òógùn sì ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí gìtá. Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọbìnrin kan fi dùùrù ṣe orin tó gùn. Bàbá Dùùrù ní kí ó kúnlẹ̀, kí ó bẹ dùùrù náà fún ìyà tó fi jẹ ẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ó bẹ dùùrù. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì tún padà wá. Gbogbo wa la máa ń padà wá.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwa náà kọ́ ọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mú jù ni Bàbá Dùùrù máa ń wò tó sì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín yẹn sì dùn mọ́ wa ju ẹran ọdún lọ. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti máa ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ ní Sátidé. Mi ò tilẹ̀ tíì mọ ẹni tí màá sọ ọ́ sí.

Ọ̀rẹ́ mi ni Dúpẹ́, òun náà sì wà lára wa ní gbọ̀ngàn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi jù mí lọ, a sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé. Àgbẹ̀ olóbì ni bàbá rẹ̀ ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ọ̀tan, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní àdúgbò wa ló ń gbé. Fèrè onírọ́bà kan ló ní, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa lórin nílé ìwé, ó sì máa ń fi àkísà funfun wé e bí ọmọ tuntun. Ìyá rẹ̀ kú ní ìgbà òjò ọdún tó ṣáájú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, omijé kò jáde lójú Dúpẹ́. Àwọn àǹtí rẹ̀ ń tọ́ka sí i, wọ́n ní òkúta ni olóògbé bí sílé ayé. Èmi nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí a gba họlidé, mo bá a lọ sí abúlé. Létí odò tí wọ́n ti ń fọ obì, ó jókòó sórí agbọ̀n tó dojú dé, ó tú fèrè rẹ̀, ó ní kí n gbọ́ ohun kan. Ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń kùn lábẹ́ imú nígbà tó bá ń bó obì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohùn mẹ́rin péré ni, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn tirẹ̀ dìde lórí èyí, bí ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ láti iyàrá kejì, tí kò sì gbọ́ ìdáhùn. Mo sunkún. Mo sọ ibi tó dùn mọ́ mi jù fún un. Mo sọ fún un pé ó yára jù níparí, pé kí ó jẹ́ kí ohùn ìkẹyìn dúró díẹ̀ kí ó tó kú. Ó gbìyànjú rẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Létí odò yẹn, láìmọ̀, mo pa òfin ara pátákó mọ́ láìku ẹyọ kan.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ìròyìn dé pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì agbègbè wa máa pàdé ní Ìgbájọ, pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan mú orin kan wá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe fúnra wọn. Èmi náà ti ṣe tèmi. Dùùrù kékeré tí à ń fi ẹnu fẹ́ ni mo fi ṣe é, ìka mi sì ń sáré lórí rẹ̀ bí aláǹgbá. Mo fẹ́ lọ sí Ìgbájọ. Mo fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ yan orin, Dúpẹ́ dìde, ó tú fèrè rẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Láyí la ẹnu sílẹ̀. Obìnrin tó ń yí èlùbọ́ padà níta dúró, ó na ọrùn wo inú gba ojú fèrèsé. Nígbà tí ohùn ìkẹyìn kú tán, Bàbá Dùùrù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì nàka sí mi.

"Ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀."

Mo dìde. Mo mọ ibi tó dùn. Gbogbo ojú ló wà lára mi, ojú Bàbá Dùùrù sì ń dúró de ohun tí màá sọ.

Mo ní, "Ẹkún tí kò rí sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ló gbé wá bá wa yìí. Ẹkún tó bá ti pẹ́ tó báyìí, ó ti kan. Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibí."

Ẹnì kan kọ́kọ́ fi imú rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Dùùrù rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, àyà mi sì kún fún ayọ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Dúpẹ́ wò mí. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ rántí ibi tó ti mọ̀ mí. Ó nu ẹnu fèrè rẹ̀, ó wé e, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Èmi tó fi ọ̀sẹ̀ méjì jù lọ ló ń kí báyẹn. Wọ́n rò pé ó ń ṣe àwàdà ni, ẹ̀rín tún le sí i. Ó jáde.

Orin tèmi ni wọ́n mú lọ sí Ìgbájọ. Mo fẹ́ ẹ tán, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Bàbá kan níwájú bi ẹni tó jókòó tì í bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Dùùrù pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ṣé o mọ̀ pé tìrẹ kọ́ ló yẹ ká gbé wá síbí?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"O mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ dùùrù, mi ò tíì gbọ́ ohun tó tó ti ọmọ yẹn lọ́wọ́ ẹni tí kò lọ kọ́ orin."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

Ó ní, "Ìwọ ni mo ní kó sọ ọ́." Ó yísẹ̀ padà, ó lọ jẹun.

Nígbà tí mo dé Ìlá, ìyá àgbà Dúpẹ́ sọ fún mi pé ó ti kó ẹrù rẹ̀, pé Ọ̀tan ni yóò ti parí ìwé rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé. Bàbá rẹ̀ ń fọ́ apó obì lójúde. Ó dìde, ó bu omi fún mi, ó béèrè àlàáfíà àwọn òbí mi. Ó ní Dúpẹ́ wà nínú ilé, ṣùgbọ́n ó ti sọ pé bí mo bá wá, kí òun fún mi lómi mu, kí òun sì sìn mí dé títì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe. Bí a ṣe ń lọ lábẹ́ àwọn igi obì, ó ní, "Ọmọ mi, ó ju fèrè rẹ̀ sódò, kò sì sọ ìdí fún mi. Láti ọjọ́ tó ti ọ̀dọ̀ yín dé ló ti ń sunkún. Ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣé o mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Ó dúró tì mí títí ọkọ̀ fi dé, ó sì gbàdúrà fún mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo lọ bá Dúpẹ́ ní Ọ̀tan. Ó ti di ọ̀gá ilé ìwé, ewú ti wà lórí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbé mi dìde, ó ní òun ti dárí jì mí kí òun tó bí àkọ́bí òun. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun kò fẹ́ kí n máa wá.

Wọ́n ti wó gbọ̀ngàn yẹn, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Bàbá Dùùrù ti kú. Láyí ló sunkún jù níbi òkú rẹ̀, mi ò sì lè sọ pé kò tọ́ sí i, torí Bàbá Dùùrù ló kọ́ etí gbogbo wa bí a ṣe ń gbọ́ orin. Lónìí, ọmọdé lè kó ogún fèrè àti ogún dùùrù sínú fóònù kan, kò nílò gbọ̀ngàn, kò nílò ẹni tí yóò tẹ ẹsẹ̀ dùùrù. Ohun tí kò yí padà ni ojú ẹni tó ṣe orin nígbà tí ẹlòmíràn bá ń gbọ́ ọ. Ojú yẹn kò ní awọ, ohun gbogbo ló ń ta á. Láti ìgbà náà, mo ti gbọ́ orin ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ìlú yìí, mo sì ti sọ òótọ́ fún wọn pẹ̀lú sùúrù, bí ẹ̀rù tilẹ̀ máa ń bà mí kí n tó la ẹnu; bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún ọmọ ọmọ mi nígbà tí ẹnu mi ṣí. Àwọn kan lára wọn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dòní. Inú mi ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ rere tí mo sọ fún wọn, etí wọn ló wọ̀. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo jẹ níyà.