Ìgò Iyọ̀ Tí Màmá Mi Ṣí

Màmá mi kì í dé ohun gbígbóná. Ọbẹ̀ ni o, ìrẹsì ni o, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ kí ooru rẹ̀ jáde, torí wọ́n ní bí a bá dé e pa, yóò kan. Gbogbo ilé wa ní àdúgbò Mayfair ló mọ òfin yìí. Èmi tí mo kàwé jù ni mo gbàgbé rẹ̀.

Iyọ̀ kan ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní yunifásítì. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Èyí funfun bí àbẹ́là, kò sì nílò omi kó tó yọ́: bí o bá ki ìgò rẹ̀ bọ omi gbígbóná, á yọ́, á sì gbé ooru náà mì. Tó bá ń dì padà, á wá dá ooru yẹn padà díẹ̀díẹ̀. A fẹ́ mọ̀ bóyá a lè fi tọ́jú ooru oòrùn ọ̀sán di alẹ́. Ó kù kí n yọ́ ọ, kí n tún jẹ́ kó dì, lọ́pọ̀ ìgbà, kí n lè rí i bóyá yóò rẹ̀ ẹ́. Iná mànàmáná tó ń ṣe ségesège kò jẹ́ kí n rí i ṣe ní láàbù. Mo bá gbé ìgò kan wálé.

"Oòrùn lẹ fẹ́ tì mọ́nú ìgò?" Màmá mi rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí, Ọlọ́run ló mọ ohun tí ẹ ń jẹ!"

Síbẹ̀, àwọn ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Lójoojúmọ́, wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á ki ìgò bọ̀ ọ́ títí iyọ̀ á fi yọ́, wọ́n á gbé e lé orúnkún wọn tó ti ń ro wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á sì jókòó tì í títí yóò fi dì. Bó bá dì tán, wọ́n á fi èédú fa ìlà kan sára ògiri ilé ìdáná. Wọ́n ní ó sàn ju táwẹ́lì tí wọ́n ń rẹ sínú omi gbígbóná lọ, ìyẹn kì í pẹ́ tó fi ń tutù. "Iyọ̀ rẹ yìí mọ ibi tó ń dun èèyàn," wọ́n á ní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ fún wọn: ẹ má ṣí i. Iyọ̀ yẹn a máa mu omi inú afẹ́fẹ́, bó bá sì ti mu ún, kò ní dì mọ́. N kò sọ ìyẹn fún wọn. Mo rò pé kò lè yé wọn. Ìgbéraga lásán.

Lásìkò òjò, mo lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo dé, ìgò wà lójú fèrèsé, ìdérí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ti di omi, ó tutù, kò sì dì. Màmá mi ní ó ti ń rùn díẹ̀, wọ́n ní dídé tí à ń dé e ní gbígbóná ni, àwọn ò fẹ́ kí iṣẹ́ mi kan.

Hẹ̀! Mo pariwo. "Ta ló ní kí ẹ ṣí i? Ṣé ọbẹ̀ ni? Ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ sì ti ba iṣẹ́ mi jẹ́!" Ìyá tó bí mi lọ́mọ.

"Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé mò ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀ ni." Wọ́n dé ìgò náà, wọ́n nu ara rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Láti ọjọ́ náà, wọn ò béèrè rẹ̀ mọ́. Táwẹ́lì ni wọ́n padà sí. Mò ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń fún un, mò ń kọjá lọ.

Ohun tó ń pa mí lẹ́kún nìyí: kò bàjẹ́. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé kò bàjẹ́. Omi lásán ló wọ̀ ọ́; ọjọ́ méjì nínú ààrò láàbù, á gbẹ, á padà sípò. Ìbínú ni mo gbé ṣáájú. Nígbà tí ìbínú lọ, ìtìjú ló kù, mo sì ń sọ pé tó bá di ọ̀la, màá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Mo mọ òwe náà kí n tó mọ A-B-D.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n ṣe àlùwàlá tán, wọ́n jókòó, wọn ò dìde mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin wọ́n sí Ẹdúnàbọ̀n, ìlú wọn. Ẹ̀bẹ̀ mi ṣì wà lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo gbé ìgò lọ sí láàbù. Ọjọ́ méjì péré, ó gbẹ. Mo gbé e wálé, mo gbé omi kaná bíi tiwọn, mo yọ́ ọ, mo jókòó sórí àpótí wọn níwájú àwọn ìlà èédú. Funfun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè. Ìgò gbóná lọ́wọ́ mi, ooru rẹ̀ pé, kò dín rárá. Mo wò yí ilé ìdáná ká. Kò sí orúnkún tí mo máa gbé e lé.