Tẹ̀tẹ̀ Etí Kòtò

Òórùn èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti kẹ̀ ni mo fi ń rántí ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, lójú ọ̀nà Ajue. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni àwọn kan ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń yọ òjé inú rẹ̀ lọ tà ní Ore. Wọ́n lọ tán, òjé kù sílẹ̀ fún wa. Adìyẹ tó bá jẹ̀ débẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, oyún tí a ti fi omijé tọrọ. Ọ̀rẹ́ mi, àyà mi kì í balẹ̀ tí mo bá ti débẹ̀.

Olùkọ́ yunifásítì kan, obìnrin jẹ́jẹ́, ló wá ràn wá lọ́wọ́. Ó kó èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo kòkó àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sínú àgbá, ó dé e pa títí gbogbo rẹ̀ fi jẹrà, ó wá sẹ́ omi rẹ̀. Omi kíkan yẹn ló ń dà sórí ilẹ̀. Ó ní omi náà ni yóò di òjé mú, tí yóò sì fà á jáde. Ó gbẹ́ kòtò sísàlẹ̀, ó tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni omi dúdú náà ń ṣàn sí.

"Ẹ má fọwọ́ kan omi yìí o," ló wí. "Mò ń bọ̀ wá kó o."

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kòkó ni wá. Láti kékeré la ti mọ̀ pé èèpo kòkó tó jẹrà, ajílẹ̀ ni. Kí olùkọ́ tó padà dé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń bu omi náà sí tẹ̀tẹ̀ tó gbìn sétí kòtò. Háà, tẹ̀tẹ̀ ọ̀hún ta! Ó tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbà ọkùnrin. Ojoojúmọ́ ló ń sè é.

"Ọkọ mi, ẹ wá jẹun," ló máa ń wí fún mi. "Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀fọ́ ló ń fún aláboyún lẹ́jẹ̀."

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ padà dé, kò tilẹ̀ kí wa. Ó rí tẹ̀tẹ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu.

"Ta ló jẹ nínú rẹ̀?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ lé ikùn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, òjé wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́ lóòótọ́, adìyẹ ti ń jẹ̀ níbẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ohun burúkú tí a bá lé kúrò níbì kan kò kú, ibòmíràn ló lọ wọ̀ sí. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, ó sì rẹwà. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, kì í wẹ̀yìn, bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá rẹ̀ á sì tún pè é.