Ejò inú Ìkòkò Òdòdó Màmá Tíṣà

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Màmá Tíṣà pè mí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ẹgbẹ́dá ni ilé wọn wà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n ra ìkòkò òdòdó mẹ́rin lọ́wọ́ mi, níbi tí mo ti ń tà á létí títì Ìgàndò.

“Òdòdó ni mo ní kí o tà fún mi,” ni wọ́n wí lórí fóònù. “Èwo wá ni ti ejò?”

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé wọn. Gbogbo ayálégbé ló ti wà ní ìta, tàwọn ti tẹlifíṣọ̀n àti bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti da iyọ̀ àti kẹrosíìnì yí fàráńdà ká. Alága àwọn onílé àdúgbò wà lórí táǹkì omi, ibẹ̀ ló ti ń pàṣẹ.

“Ìwọ lo tà á?” ló bi mí. “Tó bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, o ò ní ta ewé kankan mọ́ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́.”

Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ló ṣe tóbi tó?”

“Ó tó apá mi.”

“Orí méjì ló ní,” ni máígádì fi kún un.

Mo wọlé. Ẹnìkan ti sọ ọmọ odó lu ìkòkò kan, ó ti fọ́. Nínú iyẹ̀pẹ̀ ni mo ti rí i: kò gùn ju ìka mi lọ, ó tín-ín-rín bí okùn bàtà, ó dúdú, ó ń dán. Ó ń wá ibi tí yóò wọlẹ̀ sí.

Ara mi balẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ṣẹ́, irú rẹ̀ ni mo rí tí mo fi ju ọkọ́ sílẹ̀ sá lọ. Ọ̀gá mi, Alàájì ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, pè mí padà, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Afọ́jú ni,” ni wọ́n wí. “Ẹnu rẹ̀ ò gba nǹkan ju ẹyin èèrà àti ẹyin ikán lọ. Iyẹ̀pẹ̀ tó bá dáa ló máa ń gbé.”

Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo jáde. Àṣìṣe mi nìyẹn. Títì dá páropáro. Alága fẹ́ gba ẹ̀yìn táǹkì sọ̀ kalẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ há mọ́ irin.

“Afọ́jú ni, sà. Kò rí yín.”

“Tí kò bá rí mi, kí ló dé tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi?”

“Èmi ni mo gbé e, sà.”

Màmá Tíṣà nìkan ló sún mọ́ mi. Wọ́n wọ awò ojú wọn. “Kí ló ń jẹ?”

“Ẹyin ikán, mà.”

Wọ́n bojú wo férémù ilẹ̀kùn wọn tí ikán ti sọ di ìyẹ̀fun. “Gbé e sínú ìkòkò tí kò fọ́.”

“Màmá, ẹ fẹ́ bá ejò gbélé?” ni Alága bi wọ́n láti ibi tó há sí.

“Òun ò pariwo,” ni wọ́n wí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dúró síwájú ọjà mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ní ejò tó ń jẹ ẹyin ikán, ṣé ó ṣì kù?”

Mo ní kò sí nílẹ̀, àmọ́ kó ra èyí tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dáa, kó máa bomi rin ín, kó sì ní sùúrù.