Sídì Ẹni Tó Lọ Sọ́jà

Lúdò la mọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kí àbúrò bàbá mi tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú páálí eré tuntun kan lábẹ́ apá. Pátákó eré náà fẹ̀ tó àtẹ oníbúrẹ́dì. Igbó dúdú yí i ká, odò kan là á já, ààfin kan sì wà lórí òkè láàárín gbùngbùn, tí ejò abìyẹ́ ká mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ààfin ló jẹ. Kí o tó débẹ̀, o ó máa ju dáìsì, o ó máa sún sídì rẹ síwájú, o ó máa ṣí káàdì, káàdì yóò sì máa gbé òmìrán àti àǹjọ̀nú dìde sí ọ. Bí wọ́n bá borí rẹ, o kú nìyẹn, o padà síbi ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé òfin rẹ̀ nípọn ju ìwé katikísìmù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ka ojú ewé méjì, ó pa á dé, ó ní gbogbo rẹ̀ ti yé òun. Irọ́ gbuu ni. Láti ọjọ́ náà, òfin ilé wa la fi ń ta á, òun ló sì ń ṣe òfin náà bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ máa fo ìgbà kan. Ẹni tó bá jẹ máa mú ẹnìkan tó wù ú wọ ààfin pẹ̀lú ara rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ jọba. Torí kó lè máa rí mi rán níṣẹ́ ló ṣe gbé òfin kejì yẹn kalẹ̀. Bí mo bá bá a fọ abọ́ láàárọ̀, èmi ni yóò wù ú ní ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé ìrẹ́jẹ ni, ṣùgbọ́n ta ni ò fẹ́ jọba?

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, wọ́n mú ọmọ àbúrò ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa láti Ẹ̀pẹ́, àdúgbò kan ní Ṣàgámù. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ni, ẹgbẹ́ mi. Ìbejì ni. Ibà ti pa èkejì rẹ̀, obìnrin bíi tirẹ̀. Mo lè kọ ọ́ báyìí lónìí, ṣùgbọ́n nígbà náà, bí o bá sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ìgbájú ni wàá gbà. A kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó lọ sọ́jà.

Èyí tó lọ sọ́jà yìí ló kẹ́yìn jáde nínú ìyá wọn, òun sì ni àgbà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìyẹn. Àgbà ló dúró sẹ́yìn, tó ní kí àbúrò òun ṣáájú, kó bá òun wo ayé bóyá ó dùn. Ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ ló tún ní àṣẹ láti pè é padà.

Ohun tó ń ba ìyá àgbà wa lẹ́rù nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ náà wá. Ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó ní kí ìyá mi fetí sílẹ̀. “Ohun tó o bá fún un, méjì méjì ni. Má gbàgbé o. Kò jẹun mọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń pe òun. Bí o bá fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí, a ó pàdánù èyí tó kù.”

Ọ̀gá ilé ìwé ni ìyá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì ni wá tọmọtọmọ. Kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù ìyá rẹ̀ ju bíṣọ́ọ̀bù lọ. Bó ṣe di pé abọ́ ìrẹsì méjì ń wà níwájú ọmọ kan ṣoṣo nìyẹn, ẹran méjì, ife omi méjì. Ọmọ náà á tọ́ ṣíbí kan wò nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, á sì gbé e tì. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti tín-ín-rín débi pé ẹ̀gbà rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀.

Ìyá mi ní ká fà á mọ́ra, ká kọ́ ọ ní eré wa kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà jókòó, ó wo pátákó náà títí, ó mú sídì aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ó mú bọ́tìnnì funfun kan jáde nínú àpò, bọ́tìnnì tó já lára aṣọ tí òun àti èkejì rẹ̀ jọ ní, ó sì tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sídì rẹ̀.

Ó ní, “Ti ẹ̀gbọ́n mi nìyí.”

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ju dáìsì fún ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì jù ú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ojoro!” Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. “Ẹnìkan kì í ta ọwọ́ méjì! Tí wọ́n bá fún un ní méjì, kí wọ́n fún èmi náà ní méjì!”

Ìyá mi lọgun láti ilé ìdáná pé, “Méjì méjì ni mo wí! Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ gbálẹ̀. Ẹni tí mo bá sì gbọ́ ‘kú’ lẹ́nu rẹ̀ nídìí eré yẹn, èmi àti olúwa rẹ̀ ni.”

Ó di òfin. Ẹni tí òmìrán bá pa, a ó ní ó lọ sọ́jà. Ní tèmi, ojoro kọ́ ló ń dùn mí. Inú ń bí mi ni. Gbogbo nǹkan ni méjì: súwítì méjì, ìgbà méjì nídìí dáìsì, ìyá mi sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀ rí bá a sọ̀rọ̀. Mo jowú ọmọ tí kò sí láyé. Mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Torí pé kí ọmọ náà tó ju ọwọ́ òsì, yóò kọ́kọ́ tẹ etí sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, níbi tí àga kan wà tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Yóò gbọ́. Yóò mi orí bí ẹni gbà. Lẹ́yìn náà ni yóò tó jù ú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, sídì aláwọ̀ ewé ló ń ṣáájú, tí bọ́tìnnì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan bọ́tìnnì kó sọ́wọ́ òmìrán. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, ó ní, “Ó tán. Kó máa lọ sọ́jà.”

Ọmọ náà wò ó. “Ṣebí ibẹ̀ ló wà,” ló sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó lè bá adájọ́ jiyàn, dá bọ́tìnnì padà síbi tó wà. Ta ló fẹ́ rán ẹni tó ti wà lọ́jà lọ sọ́jà? Láti ọjọ́ náà, kò sí káàdì tó ran bọ́tìnnì mọ́. Ó ń gba àárín àǹjọ̀nú kọjá bí ẹni ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀. Ó kọjá sídì aláwọ̀ ewé, kò bojú wẹ̀yìn.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, a máa ń fi aṣọ tábìlì bo eré náà. Láàárọ̀, sídì tèmi á wà níbi tí mo fi í sí, ti ẹ̀gbọ́n mi náà. Bọ́tìnnì á ti sún síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni. Mo ní òun ni. A fi Bíbélì búra, a lu ara wa, ó sì tún sún. Ẹnu ọ̀nà ààfin ló kọjú sí, bí ó sì ṣe ń súnmọ́ ọn ni ọmọ náà ń gbẹ. Wọ́n gbé e lọ rí dókítà ní Ṣàgámù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, kò rí àìsàn kankan.

Ẹ̀yìnkùlé la wà, tí à ń fọ abọ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dá ọwọ́ dúró. “Bí bọ́tìnnì yẹn bá wọlé,” ó ní, “ta ni yóò mú wọlé?”

A fi abọ́ sílẹ̀ nínú omi.

A lọ bá ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti pa òfin yẹn rẹ́. Ọmọ náà mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀. “Ó ti gbọ́ ọ, Bọ̀dá,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ.” A gbé eré náà pamọ́ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ náà lọ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, omi pàápàá kò mu mọ́. Ìyá mi bínú, ó wá eré náà jáde, ó gbé e ka orí tábìlì. Ó ní ká ta á tán kí òun ríbi sinmi. Kò mọ ohun tí òfin wa wí, ojú sì ń tì wá láti sọ fún un.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di eruku, inú pálọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló kù kí bọ́tìnnì wọ ààfin. Ọmọ náà tẹ etí sí òsì. Ó mi orí. Ó ju dáìsì, dáìsì yí, ó fara gbá páálí, ó sì jókòó sórí mẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta. “Mọ́mì! Ó ti wọlé! Òfin ní kó mú ẹnìkan, ọmọ yìí ló máa mú lọ!”

Ìyá mi ti yàrá jáde pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́, èébú ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí ojú ọmọ náà. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. A kò tíì rí ẹ̀rín rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dé. Ó ti ń ti àga sẹ́yìn.

“Ó ní ká máa lọ,” ó wí.

Àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dún kẹ̀kẹ̀. Ọyẹ́ máa ń mú kí igi dún, mo mọ̀. Síbẹ̀, mo tọ̀ sára.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé, tó jẹ́ pé níwájú pẹpẹ nìkan ni mo ti ń rí i lórí ìkúnlẹ̀, gbé eékún méjèèjì sórí sìmẹ́ńtì, ó kọjú sí àga tó ṣófo náà. Ó pè é ní ẹ̀yin.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ó ní. “Ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ̀yin lẹ rán an níṣẹ́, pé kó bá yín wo ayé bóyá ó dùn. Kí ló ti rí? Kò tíì rí òkun. Kò tíì dáná kó jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò tíì ní ọ̀rẹ́ kó bá a jà. Bó bá bá yín lọ báyìí, kí ló fẹ́ wí fún yín? Iṣẹ́ tí ẹ rán an, kò tíì jẹ́ ẹ rárá. Ẹ má pe ọmọdé padà lórí ìdajì iṣẹ́. Mo bẹ̀ yín.”

Ọmọ náà tẹ etí sí òsì, ó pẹ́ ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ó ṣí ẹnu bí ẹni fẹ́ jiyàn. Ó pa á dé. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, irú ẹkún tó yẹ kó ti sun láti oṣù tó kọjá.

“Ó ní kí n má kánjú,” ó ń sọ láàárín ẹkún. “Ó ti wọlé. Ó ti ti ilẹ̀kùn.”

Ìyá mi gbá a mọ́ra níbi tó kúnlẹ̀ sí. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà gbé ojú sókè.

“Mọ́mì, ṣé ó dùn? Ayé?”

Ìyá mi, tó ní ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè, fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ọmọ náà.

“Èmi kọ́ ni wọ́n rán,” ó ní. “Dìde, ká lọ jẹun.”